Làtíìfù Bádírù, Ọmọ Peckham Tó Ṣọ́lé fún Japan

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí Làtíìfù Bádírù máa ṣọ́lé, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Hameedah, dé láti Abẹ́òkúta wá bá àwọn òbí wọn ní Peckham, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Peckham Rye, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun, ni wọ́n bá tì í sáàárín igi méjì, wọ́n ní ibẹ̀ ni kó dúró sí. Ó dúró síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni wọ́n gbá sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀, Àsúmáù, bi í léèrè ohun tó bó o nígbọ̀nwọ́.

Ó ní, "Mọ́mì, mo ti rí iṣẹ́ tí mo máa ṣe."

Àsúmáù rẹ́rìn-ín, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ ojú egbò náà. Iṣẹ́ wo ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí? Obìnrin náà ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù nígbà náà, kò sì wù ú láti mọ̀ ọ́n. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ní Lewisham ló ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa kó tó dúró sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Sherifdeen, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló mọ bọ́ọ̀lù. Òun ló ra ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé àkọ́kọ́ fún ọmọ náà. Lọ́jọ́ Sátidé, bí iṣẹ́ bá ti tán, yóò wá dúró sẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, yóò máa sọ pé, "La ẹnu ẹ, Làtíìfù. Aṣọ́lé tí ò lè pariwo, ìdajì aṣọ́lé ni."

Àìsàn ọkàn pa Sherifdeen nígbà tí Làtíìfù pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló kú, wọ́n sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba pápá lọ. Àwọn ẹbí kan ní àìgbọ́n ni. Àsúmáù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ńlá kan ní London ti mú un sọ́dọ̀ nígbà yẹn, wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n pè é wọ ọ́fíìsì, wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n wá sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dára, ọkàn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò ga tó. Kò jiyàn. Ta ló máa bá èèyàn jiyàn lórí bí Ọlọ́run ṣe dá a? Ó wá iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rù kan lójú ọ̀nà Old Kent Road, ó ń di ẹrù láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Sátidé ó ń ṣọ́lé fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó jẹ́ pé àwọn òǹwòran wọn ò ju ọgọ́rin lọ, àti ajá méjì.

Láàárín àwọn ọgọ́rin yẹn ni ọkùnrin ará Japan kan wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Iṣẹ́ kọ́ọ̀ṣì ló wá kọ́ ní London, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú un wá wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n parí, ó tọ Làtíìfù lọ, ó tẹrí ba, ó sì fún un ní káàdì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Làtíìfù, ọmọ ọdún méjìlélógún, náà tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé bóyá ìdọ̀bálẹ̀ ló gbé òun dé Japan.

Ọjọ́ Àìkú ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, níbi tí obìnrin náà ti ń ká aṣọ.

"Mọ́mì, àwọn kan ní Japan fẹ́ kí n wá ṣọ́lé fún àwọn."

"Japan. Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnì kankan."

"Oúnjẹ wo lo máa máa jẹ?"

Àsúmáù ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ó ń rò ó pé òun náà ò mọ ẹnikẹ́ni ní Peckham yàtọ̀ sí ọkọ òun lọ́jọ́ tí òun dé, pé ìyá òun béèrè irú ìbéèrè yìí gan-an. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé bàbá rẹ̀, ẹnu wo ló fẹ́ fi dá ọmọ rẹ̀ dúró? Nígbà tó ká aṣọ tó kẹ́yìn tán, ó ní kó lọ ra aṣọ òtútù tó nípọn.

Ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n gbé e lọ, ní àríwá, níbi tí yìnyín ti máa ń ga dé orúnkún. Ìpele kẹta ni ẹgbẹ́ náà wà. Yìnyín kọ́ ló fìyà jẹ ẹ́, ẹnu ni. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé wọn, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé òun àti adènà tó wà níwájú rẹ̀ ló jọ ń wo bọ́ọ̀lù, tí olúkúlùkù rò pé èkejì fẹ́ mú un. Ó ti pariwo o. Gẹ̀ẹ́sì ló fi pariwo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn ló rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti di ìdajì.

Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni obìnrin àádọ́rin ọdún kan tó ń dáná nílé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé. Múrátà ni orúkọ rẹ̀, gbogbo wọn ń pè é ní Màmá. Làtíìfù a máa bá a gé àlùbọ́sà, obìnrin náà a sì máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó nílò lọ́kọ̀ọ̀kan: "Tèmi ni." "Jáde." "Wo ẹ̀yìn ẹ." Bó bá ṣì í pè, yóò fi ìgbakọ kan tábìlì, ó di kó tún un pè. Oṣù mẹ́fà kọjá. Làtíìfù wá ń pariwo lórí pápá bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rín. Ẹ̀ka èdè àwọn àgbààgbà abúlé ni Màmá Múrátà ń sọ, ìyẹn náà ló kọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí òyìnbó kan bá dúró sáàárín pápá ìṣeré l'Ékòó, tó ń fi Ẹ̀gbá ayé àtijọ́ jágbe mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Góòlù tó ń wọlé wọn dín kù.

Obìnrin náà ò gbọ́ nípa mùsùlùmí rí kó tó mọ Làtíìfù. Nígbà tó yé e pé ọmọ náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó ya ìkòkò kan sọ́tọ̀, ó so aṣọ pupa mọ́ ọmọrí rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti ẹni náà ni. Àsúmáù rí ìkòkò náà lórí fóònù. Òun àti Màmá Múrátà ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n Làtíìfù á gbé fóònù ti ògiri, àwọn ìyá méjèèjì á máa fi ohun tí wọ́n ń sè han ara wọn. Àsúmáù gbé ẹ̀gúsí sókè. Ìyá ọ̀hún gbé ewé òkun kan sókè, ó dúdú, ó gbẹ bí awọ. Wọ́n jọ mi orí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé dáadáa.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Ẹgbẹ́ náà gòkè sí ìpele kejì, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dé ìpele kìíní. Wọn ò lè pe "Làtíìfù" níbẹ̀, "Ratifu" ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn tó ń bójú tó ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Japan ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní bó bá lè di ọmọ onílùú, àwọn á fẹ́ lò ó.

Ó pe ìyá rẹ̀. Àsúmáù sinmi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sí pálọ̀.

Làtíìfù ní, "Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ní méjì, Mọ́mì. Màá dá páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà padà, màá sì dá ti Gẹ̀ẹ́sì padà."

"Méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó o bá fẹ́ wá kí mi ńkọ́?"

"Wọ́n á jẹ́ kí n wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Mo lè lo oṣù mẹ́fà."

"Àlejò," ni Àsúmáù wí. "Nínú ilé mi."

Kò bínú, kò sì súre. Ó ní òun ti gbọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbi iṣẹ́, ó ń to abọ́ síbi tí kò yẹ. Bernice, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná láti ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi ilé ìkẹ́rù ṣe lẹ́bàá ojú irin, ló kíyè sí i. Ìyá Zoe ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó jẹ́ kí wọ́n to gbogbo abọ́ ìfijẹun tán kó tó la ẹnu.

"Ìyá Làtíìfù, kí ló ń dùn yín gan-an? Ṣé páspọ́ọ̀tì ni?"

Àsúmáù ro ọ̀rọ̀ náà. "Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n sì fi ìwé gbà á."

"Ìwé kì í bímọ," ni Bernice wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ abọ́ náà lọ.

Ìwé ọ̀hún dé lóṣù kejì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà ní Japan ní kí ìyá ẹni tó ń béèrè kọ àlàyé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: orúkọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, àti gbogbo ọmọ tó bí, ní ẹsẹẹsẹ, àwọn tó wà láyé àti àwọn tí kò sí. Hameedah, tó ti di obìnrin nígbà yẹn tó sì ń gbé ní Brockley, wá lọ́jọ́ Sátidé láti kà á fún ìyá rẹ̀.

"Mummy, it's easy," ó ní. "Ẹ kọ Bọ̀dá mi, ẹ kọ èmi. Ọmọ méjì, ó tán."

Àsúmáù kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ orúkọ Sherifdeen. Nígbà tó dé ibi orúkọ àwọn ọmọ, ó kọ "ìkíní", ó dúró. Bírò náà wà lórí ìwé, kò lọ síwájú, kò sì bọ̀ lẹ́yìn. Hameedah rò pé sípẹ́lì ló ń rò.

"Pe ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Àsúmáù wí. "Gbé fóònù síbí kí ẹ̀yin méjèèjì lè gbọ́ mi."

Nígbà tí ojú Làtíìfù hàn lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún wọn. Ó ní kí òun tó bí Làtíìfù, òun bí ọmọkùnrin kan. Nasir ni orúkọ rẹ̀. Bàbá wọn ti lọ sí London nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù márùn-ún. Ọmọ náà pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó ti ń rìn, ó ti ń pe adìẹ ilé lórúkọ, ni èéyi bá mú un. Ọjọ́ mẹ́fà ni. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bàbá rẹ̀ ò rí i sójú láéláé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló tó padà wá sílé, tí wọ́n bí Làtíìfù.

"Àwọn àgbà ní kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lè dúró," ó ní. "Mo sì gbà fún wọn. Ẹ̀yin náà dúró. Nígbà tó yá, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun téèyàn ò sọ lọ́jọ́ kìíní, ẹnu kì í lè gbé e lọ́jọ́ kejì."

Hameedah mú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Làtíìfù gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójú pópó Japan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí, Mọ́mì?"

"Orí ẹ̀ tóbi ju tìẹ lọ."

Ẹ̀rín gbọ̀n wọ́n lójijì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi sì ń dà lójú Àsúmáù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, kí n kọ ẹ̀yin méjì yìí nìkan. Kò níwèé ìbí. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ síbì kan rí. Wọ́n á máa dà ọ́ láàmú."

"Ẹ kọ ọ́," ni Làtíìfù wí. "Tí wọ́n bá béèrè, èmi ni màá dá wọn lóhùn."

Ó kọ ọ́. Nasir Bádírù, ìkíní. Ó kọ ọjọ́ tó bí i àti ọjọ́ tó kú, kò wo ibì kankan kó tó rántí.

Wọ́n béèrè lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe Làtíìfù padà sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń bi í pé ibo ni ẹ̀rí ọmọ tó kọ́kọ́ kú yìí wà. Ẹnìkan tó ń bá a ṣètò ìwé gbà á nímọ̀ràn pé kí ìyá rẹ̀ tún òmíràn kọ, kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò, gbogbo nǹkan á sì yára. Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ lóṣù mẹ́ta, wọ́n sì ti fi ojú aṣọ́lé kejì wò ó. Làtíìfù ní rárá. Ìgbà tí wọ́n fi rí akọ̀wé àdúgbò kan l'Ábẹ́òkúta, àti ìyá arúgbó kan tó wà níbi ìsìnkú náà tó ṣì lè tẹ̀ka, ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti parí. Orí tẹlifíṣọ̀n ni Làtíìfù ti wò ó. Hameedah ló jẹ́ kí Àsúmáù mọ̀, nígbà tó ti pẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ rí.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fi í ṣọ́lé fún Japan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, alẹ́ lọ́hùn-ún, aago mọ́kànlá àárọ̀ ní Peckham. Àsúmáù gbàyè níbi iṣẹ́. Bernice náà gbàyè, ó gbé kéèkì wá. Hameedah so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n tò láti kọ orin orílẹ̀-èdè, ẹnu ọmọ rẹ̀ ni Àsúmáù ń wò, láti mọ̀ bóyá ó máa kọ ọ́. Ó kọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí rẹ̀ ga sókè. Àsúmáù ti múra sílẹ̀ pé ó máa dun òun. Kò dùn ún níbi tó fọkàn sí. Sherifdeen ló sọ sí i lọ́kàn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n. Bernice fún un ní tíṣù, kò wo ojú rẹ̀.

Wọ́n gbá ẹyọ kan wọlé rẹ̀ láti igun. Ó mú mẹ́ta tó le. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, tí Japan ń léwájú pẹ̀lú méjì sí ẹyọ kan, bọ́ọ̀lù kan fò wá sáàárín èrò, Làtíìfù jáde sí i, ó sì fi èdè Màmá Múrátà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ gbé e. Àwọn tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù náà ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

"Kí ló sọ?" ni Bernice béèrè.

"Aunty, mi ò mọ̀ o," ni Hameedah fèsì. "But wọ́n gbọ́ ọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló ṣọ́lé fún wọn. Ejìká rẹ̀ yẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga jù ú lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣọ́lé títí ó fi pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aṣọ́lé kéékèèké ní ìlú etí òkun kan náà. Ó ti fẹ́ nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, Sayaka, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Àmírà. Nígbà tí Màmá Múrátà kú, ó wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, òun àti Àsúmáù pàdé l'Ábẹ́òkúta. Físà ni Làtíìfù fi wọ Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe ń fún àlejò. Wọ́n ti ta ilé tí wọ́n sin Nasir sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó rà á ti gé igi àgbálùmọ̀, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù taya síbẹ̀. Ọkùnrin náà ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní àga. Wọ́n ṣe àdúà níbẹ̀ láàárín àwọn taya, wọ́n sì kí i pé ó ṣeun.

Láti ibẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀ dé Peckham, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àsúmáù ti fẹ̀yìn tì, àyè wà. Wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, láti Nunhead gba pápá dé Rye Lane. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ò dá a mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó dá a mọ̀ ni ẹlẹ́ja kan tó ń pè é ní Japan, ó sì fi ẹja kan lé èyí tí wọ́n rà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Àsúmáù sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó tún kọ́là aṣọ òtútù rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

"Sọ fún Àmírà pé mo kí i. Sọ fún ìyá ẹ̀ náà."

"Wọ́n á gbọ́, Mọ́mì. Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé."

"Mò ń wọ̀ ọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu géètì, níwájú àwọn èrò tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó sì wọlé. Àsúmáù dúró títí ọkọ̀ fi lọ. Lẹ́yìn náà ó sọdá títì, ó lọ ra ata àti iṣu, nítorí Bernice ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀.